Wọ́n fi mí sí wọ́ọ̀dù pàjáwìrì: kí ni kí n kọ́kọ́ mọ̀ dájú?

Nọ́ọ̀sìTuntun_Òṣogbo

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Láísẹ́ńsì mi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni, ilé ìwòsàn ìjọba kan sì ti gbà mí síṣẹ́. Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni ọkàn mi wà, ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù látìgbà tí mo ti wà nílé ẹ̀kọ́. Àmọ́ nígbà tí wọ́n lẹ ìwé ìpínṣẹ́ mọ́ ògiri, abẹ́ pàjáwìrì ni mo bá orúkọ mi. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni n ó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lára mi: ẹ̀rù ń bà mí. Mo kàwé, mo sì yege dáadáa. Àmọ́ nígbà tí wọ́n mú wa lọ sí pàjáwìrì gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n gbé àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì kan tó kọlu tírélà lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ń ké “ẹsẹ̀ mi o”, ìyá kan ń yí nílẹ̀ tó ń pe ọmọ rẹ̀, ẹnìkan sì dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ń bèèrè ta ló máa sanwó káàdì. Ibi tí ariwo ti pọ̀ jù ni ojú gbogbo àwa akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Títí di òní, mi ò mọ ẹni tó yẹ ká kọ́kọ́ dúró tì.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n mọ̀ dájú kí n tó débẹ̀, tí mi ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń dà? Báwo ni mo ṣe máa pe dókítà tó ń sùn lóru tí kò fi ní ní mo kàn ń yọ òun lẹ́nu? Àwọn ẹbí tó máa ń fún ẹni tó gbé májèlé mì ní epo pupa kí wọ́n tó gbé e wá ńkọ́, ṣé kí n bá wọn wí ni? Ọ̀rẹ́ mi ní kí n má da ara mi láàmú, pé kí n ṣáà fara dà á fún ọdún méjì tí Council, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ní ká fi ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó jẹ́rìí sí ìwé wa fún àwọn òkè òkun. Èmi ò fẹ́ fi ọdún méjì fara da nǹkan. Mo fẹ́ mọ iṣẹ́ náà.

ÌyáWọ́ọ̀dù

Kú oríire, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ tó o fi parí yẹn ló mú mi jókòó ti ìbéèrè rẹ. Pàjáwìrì ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ iṣẹ́ mi, ní Ìbàdàn àti ní Abẹ́òkúta, ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì tuntun sì ti gba ọwọ́ mi kọjá. Ohun kan ni mo máa ń kọ́kọ́ bá wọn sọ, kó tó kan abẹ́rẹ́, kó tó kan oògùn: ẹ ka èémí.

Ìṣẹ́jú kan gbáko ni. Di ọrùn ọwọ́ aláìsàn mú bí ẹni tó ń wo bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, kó o wá gbé ojú lé àyà rẹ̀, torí ẹni tó bá mọ̀ pé èémí òun lò ń kà á yí i padà. Lọ ra aago ọwọ́ tó ní ọwọ́ tó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá. Má gbẹ́kẹ̀ lé fóònù, o ò ní lè fi ìbọ̀wọ́ ẹlẹ́jẹ̀ yọ fóònù lápò. Mò ń tẹnu mọ́ ọn torí pé tó o bá ṣí fáìlì ní ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù wa, 20, 20, 20 ni wàá bá láti àárọ̀ dalẹ́, fún ẹni tí ibà ń ṣe àti fún ẹni tó ń kú lọ. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ máa ń mí ní ìgbà 12 sí 20 láàárín ìṣẹ́jú kan, ohun tó mú kí 20 rọrùn láti kọ láìkà nìyẹn. Ó máa ń dùn mí dé ọkàn. Nọ́ńbà tó máa ń kọ́kọ́ kìlọ̀ fún wa gan-an ni wọ́n ń kọ láìwo aláìsàn.

Wò ó báyìí. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde lára ọ̀dọ́, yálà a rí i tàbí inú ikùn ló ń dà sí, ara á kọ́kọ́ jà fún ẹ̀mí ara rẹ̀. Òpó ẹ̀jẹ̀ á fún pọ̀, ọkàn á máa sáré, èémí á máa yára, ìyẹn ni BP ò fi ní tètè já. BP lè dára lójú nígbà tí èèyàn ń tán lọ, ìgbà tó bá sì máa fi já, ó lè ti pẹ́ jù.

Wọ́n gbé ọlọ́kadà kan wá bá wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó dá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń bèèrè fóònù rẹ̀, kò sì sí ọgbẹ́ lára rẹ̀ ju orúnkún tó bó lọ. BP rẹ̀ jẹ́ 118/76. Wọ́n ti fẹ́ ní kó lọ sí ẹ̀yìn kó lọ dúró de àyè rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bíi tìrẹ ló dúró ka èémí rẹ̀, 32 ló bá. Ó fọwọ́ kan àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó tutù, ó sì ń làágùn. Ó tẹ èékánná rẹ̀, ó tú u sílẹ̀, ó sì ń wò ó títí kí pupa rẹ̀ tó padà. Tí ìyẹn bá ti ju ìṣẹ́jú-àáyá méjì lọ, ẹ̀jẹ̀ ò dé ìka dáadáa nìyẹn. Ó gbé ohùn sókè pe dókítà láti ibi tó dúró sí, kò tijú ẹnikẹ́ni. Àṣé inú ikùn ni ẹ̀jẹ̀ ti ń dà sí. Òru ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n gbé e wọ tíátà, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló sì fi rìn jáde nílé ìwòsàn.

Ti ọ̀pọ̀ èèyàn tó wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, má di ẹnikẹ́ni mú ná. Kọ́kọ́ rìn kọjá lọ́dọ̀ gbogbo wọn, kó o máa bèèrè orúkọ. Ẹni tó bá dá ọ lóhùn ketekete, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ṣí, ó ń mí, ẹ̀jẹ̀ sì ń dé ọpọlọ rẹ̀. Ẹni tó ń ké “ẹsẹ̀ mi o” lè dúró díẹ̀. Ẹni tí wọ́n tẹ́ sí kọ̀rọ̀ tí kò fọhùn, tí ẹbí rẹ̀ ń sọ pé “ẹ jẹ́ ó sinmi, ó ti rẹ̀ ẹ́”, òun ni kó o lọ bá, pàápàá tó bá ń hanrun. Ẹni tó forí gbá tó wá ń hanrun, ahọ́n ló ti ṣubú sẹ́yìn dí i lọ́fun. Gbé egungun àgbọ̀n rẹ̀ síwájú, má sì yí ọrùn rẹ̀. Ibì kan ṣoṣo tó o ti lè dúró lójú ọ̀nà ni ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń tú yàà: fi gọ́ọ̀sì tẹ̀ ẹ́, fún ẹbí rẹ̀ kan ní ìbọ̀wọ́, gbé ọwọ́ rẹ̀ lé e pé kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó má sì ṣí i wò, kó o máa lọ.

Kó o tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ sílé, fi ojú ara rẹ wo nǹkan. Lọ sídìí sílíńdà ọ́síjìn, ṣí i, wo ojú ìwọ̀n rẹ̀ bóyá nǹkan wà nínú rẹ̀. Fi báńdéèjì so sípánà mọ́ ọn lọ́rùn, torí wọ́n máa ń gbé e kiri. Mo ti bá sílíńdà tó kún dẹ́nu nídìí aláìsàn tí ẹnikẹ́ni ò rí ohun tí yóò fi ṣí i. Tan ẹ̀rọ tó ń fa itọ́, ki rọ́bà rẹ̀ bọ omi, kó o rí i pé ó ń fà. Fi àtẹ́lẹwọ́ dí ẹnu Ambu bag, àpò tí a fi ń fún afẹ́fẹ́ sínú ẹni tí kò mí dáadáa, kó o fún un, tí afẹ́fẹ́ bá rọra ń sá, ó ti ya níbì kan. Wo adrenaline, atropine, diazepam, dextrose 50% (omi ṣúgà), hydrocortisone, kó o sì wo ọjọ́ tí wọ́n máa bàjẹ́. Kánúlà aláwọ̀ eérú àti aláwọ̀ ewé gbọ́dọ̀ wà, àwọn yẹn ló fẹ̀ tó láti gbé omi àti ẹ̀jẹ̀ wọlé kíákíá. Aláwọ̀ búlúù rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣan, àmọ́ kò lè gba ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ sílẹ̀. Ní tọ́ọ̀ṣì tìrẹ. Iná á lọ, jẹnẹrétọ̀ á sì pẹ́ kó tó gbà.

Ṣúgà ńkọ́? Ẹnikẹ́ni tí kò bá mọ ibi tó wà, ẹni tí gìrì ń gbé, ẹni tí apá kan rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ, ẹni tí ọtí ń rùn lẹ́nu rẹ̀, gún un níka kó o wo ṣúgà rẹ̀ kó tó kan nǹkan mìíràn, tí ọ̀fun àti èémí rẹ̀ bá ti wà létò. Ẹbí á ní “wọ́n ti ṣe é”, pásítọ̀ tàbí àáfà á ti máa gbàdúrà lórí rẹ̀. Má bá wọn jiyàn. Jẹ́ kí wọ́n máa gbàdúrà lọ, kí ìwọ máa gún ìka lọ. Mo ti rí ìyá àgbà tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tó lo oògùn rẹ̀ láàárọ̀, tó wá gbààwẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n gbé e wá pé ọpọlọ rẹ̀ dàrú, ó ń bú àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tí dextrose wọlé tán, ó bèèrè ẹni tó bọ́ gèlè lórí òun. Tí ṣúgà bá ti wà nísàlẹ̀ 70 mg/dL, ó ti kéré nìyẹn. Rí i pé inú iṣan ni kánúlà wà dáadáa kó o tó ti dextrose 50% sí i, torí tó bá jò sí ìta iṣan, ó máa ń jẹ ẹran ara.

Ọ̀rọ̀ epo pupa ló gba sùúrù jù. Tó o bá bá wọn wí, àwọn tó jókòó lẹ́yìn wọn lórí bẹ́ǹṣì á gbọ́, wọ́n á sì fi tiwọn pa mọ́ fún ọ. Ohun tí o fẹ́ ni òtítọ́. Máa bèèrè pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ pé, “Màmá, kí lẹ ti fún un nílé? Kò sí ẹni tó máa bá yín jà.” Wọ́n á sọ ọ́. Epo pupa, mílíìkì, àgbo, ìtọ̀ màlúù tí wọ́n fi ewé tábà sí fún ọmọ tí gìrì gbé. Ìyẹn ló burú jù nínú wọn, ó máa ń fa ṣúgà ọmọ wálẹ̀, ó sì máa ń tẹ èémí rẹ̀ rì. Ọmọ tí wọ́n bá ti fún ní ìtọ̀ màlúù, má kúrò nídìí rẹ̀. Ẹni tó mu kẹrosíìnì, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì, torí èébì yẹn lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹni tó mu Sniper tàbí oògùn kòkòrò mìíràn, tí itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, tí ẹyinjú rẹ̀ sì kéré bí orí abẹ́rẹ́, wọ ìbọ̀wọ́, bọ́ gbogbo aṣọ ọrùn rẹ̀, fi ọṣẹ àti omi wẹ̀ ẹ́ láti orí, torí awọ ara ń gbà á sí i bí ọ̀fun ṣe ń gbà á. Dókítà á máa fún un ní atropine títí àyà rẹ̀ á fi gbẹ. Etí rẹ lórí àyà yẹn ṣe pàtàkì, ìwọ lo máa sọ fún dókítà bóyá ó ti gbẹ tàbí kò tíì gbẹ.

Pípe dókítà lóru, n ó fi sílẹ̀ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe létòlétò jù mí lọ. Èmi kàn máa ń pè wọ́n ni.

Bọ̀dáNọ́ọ̀sì_Ìbàdàn

Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Mo fẹ́ fi ti òfin kún un, torí òun ló máa ń dá àwọn tuntun dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Àbúrò, tí wọ́n bá gbé ẹni tí ìbọn bà wá, má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ó dìgbà tí ìwé ọlọ́pàá bá dé. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2017 lórí ìtọ́jú ẹni tí ìbọn bà sọ pé kí ilé ìwòsàn gbà á kó sì tọ́jú rẹ̀, yálà ìwé ọlọ́pàá wà tàbí kò sí. Ohun tó kù fún wa ni pé ká fi tó àgọ́ ọlọ́pàá tó sún mọ́ wa létí láàárín wákàtí méjì tí ìtọ́jú bá bẹ̀rẹ̀. Kọ aago tó wọlé, aago tí ẹ fọwọ́ kàn án, aago tí ẹ pe ọlọ́pàá àti orúkọ ẹni tó gbé ìpè náà. Ti owó káàdì náà wà lábẹ́ òfin. Òfin Ìlera ti 2014, abala 20, ní ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́dọ̀ kọ̀ láti fún èèyàn ní ìtọ́jú pàjáwìrì nítorí ìdí kankan, ìyà rẹ̀ sì ni ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì. Mo mọ̀ pé ọ̀gá akáúǹtì lè má fẹ́ gbọ́. Fi ìwọ̀nba tó wà nínú tírọ́lì bẹ̀rẹ̀, kó o sì ránṣẹ́ sí Matron.

Dáàbò bo ara rẹ pẹ̀lú. Má dé abẹ́rẹ́ padà lẹ́yìn tó o bá ti lò ó. Tó bá gún ọ, fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀, sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, má tọ́jú ẹ̀ sínú. Oògùn tó ń dènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, bó bá sì ṣe yá tó ló dára tó; ọjọ́ 28 ni wọ́n ń lò ó. Àjẹsára hepatitis B, abẹ́rẹ́ mẹ́ta ni, má dúró dìgbà tí ilé ìwòsàn bá rántí rẹ. Ìpínlẹ̀ Òndó sì múlé gbe yín, ibà Lassa wà ní agbègbè Ọ̀wọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ibà rẹ̀ kọ̀ tí kò gbọ́ oògùn ibà, tí ẹ̀jẹ̀ wá ń yọ lẹ́nu tàbí nímú rẹ̀, bèèrè ibi tó ti ń bọ̀ kó o tó fọwọ́ kàn án. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wà lára àwọn tó bá Ebola lọ ní Èkó ní 2014. Ìbọ̀wọ́ fún gbogbo aláìsàn, láìyọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Leeds

Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́, wọ́ọ̀dù pàjáwìrì ni mo wà níbí ní Leeds báyìí. Inú mi dùn sí ohun tí Màmá sọ nípa èémí. Nínú ìwé NEWS2 tí a ń lò nílùú òyìnbó láti fi mọ ẹni tí ara rẹ̀ ń burú sí i, èémí ló wà lókè pátápátá. Tó bá ti dé 25, àmì mẹ́ta ni wọ́n ń kọ fún un, tí àpapọ̀ gbogbo àmì bá sì dé 7, gbogbo èèyàn á sáré dé.

Ti dókítà tó ń sùn: dúró nídìí aláìsàn kó o tó pè é, kí fáìlì wà lọ́wọ́ rẹ. Sọ ẹni tó o jẹ́ àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ báyìí, ohun tó gbé aláìsàn wá, ohun tí o rí, lẹ́yìn náà ohun tí o fẹ́. Báyìí: “Dókítà, èmi ni nọ́ọ̀sì pàjáwìrì. Ọkùnrin ẹni ogójì ọdún tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹta, èémí rẹ̀ ti ti 22 gun 34 láàárín ìdajì wákàtí. Ikọ́ fée ló gbé e wá, ó ti gba salbutamol àti ọ́síjìn, síbẹ̀ ẹ̀rọ ìka tó ń wọn ọ́síjìn ń kọ 88, kò sì lè sọ gbólóhùn kan tán mọ́. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ wá wò ó báyìí.” Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti máa ń rọ̀ ni ìparí yẹn. A tọ́ wa dàgbà pé ọmọdé kì í pàṣẹ fún àgbà, a ó wá ní “Dókítà, mo kàn ní kí n sọ fún yín ni.” Ẹni tó ń tòògbé á dáhùn pé òun ti gbọ́, á sì padà sùn. Bọ̀wọ̀ fún un, pè é ní sà tàbí mà, kó o sì sọ ohun tí o fẹ́. Tí kò bá wá, kọ aago sílẹ̀, pe ẹni tó ga jù ú lọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ yẹn, sọ fún un pé tó bá dé ibí, kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè bóyá ó fara da nǹkan. Aláìsàn ni wọ́n máa gbé fún un.

Nọ́ọ̀sìTuntun_Òṣogbo

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti gba abẹ́rẹ́ hepatitis àkọ́kọ́, mo sì ti ra aago náà ní Ọjà Ọba. Àbúrò mi ni mo fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka èémí, ó ní ojú mi ti ń dẹ́rù ba òun.

Màmá, ìbéèrè méjì ló kù. Tí ẹnìkan bá kú lọ́wọ́ wa, kí ni iṣẹ́ tèmi? Ẹ̀ẹ̀kejì, tí strip tí a fi ń wọn ṣúgà bá tán lóru ńkọ́?

ÌyáWọ́ọ̀dù

Dókítà ló máa sọ ọ́ fún ẹbí, àmọ́ ìwọ lo máa tún ibẹ̀ ṣe. Wá àgbà inú ẹbí, àbúrò bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tó lọ́jọ́ lórí, mú un wọ yàrá tó ní ilẹ̀kùn, gbé àga fún un, kí dókítà kọ́kọ́ bá òun sọ̀rọ̀. Òun ló mọ bí yóò ṣe gbé e dé etí ìyá. Kí ìyá tó wọlé, nu ẹ̀jẹ̀ ojú ọmọ rẹ̀, pa ojú rẹ̀ dé, fi aṣọ mímọ́ bò ó dé àyà, kó gbogbo gọ́ọ̀sì ẹlẹ́jẹ̀ kúrò nílẹ̀. Tó bá jẹ́ ìjàǹbá ọkọ̀ tàbí ọ̀rọ̀ tó kan ọlọ́pàá, má yọ kánúlà tàbí rọ́bà kankan lára rẹ̀, bò wọ́n mọ́lẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ Mùsùlùmí ni wọ́n, wọ́n á fẹ́ sin ín kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, nítorí náà tètè bá dókítà lé ìwé ikú kó má baà há sórí tábìlì. Tí omijé bá bọ́ lójú ìwọ náà, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Nù ún kó o tó lọ bá ẹlòmíràn.

Ti strip: sọ fún dókítà pé kò sí. Tí ẹni náà kò bá mọ nǹkan, tí ẹ sì fura sí ṣúgà, yóò ní kẹ́ ẹ fún un ní dextrose láìdúró de àyẹ̀wò, torí ṣúgà tó kéré ń ba ọpọlọ jẹ́ kíákíá ju èyí tó gùn sí i fún ìgbà díẹ̀ lọ. Kọ ọ́ sínú fáìlì pé kò sí strip, kọ aago tí oògùn wọlé àti bí ara rẹ̀ ṣe rí lẹ́yìn rẹ̀. Ránṣẹ́ sí wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé lóru yẹn náà, wọ́n sábà máa ń ní. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, kọ ìwé ìbéèrè strip fún Matron, jẹ́ kó fọwọ́ sí i lójú rẹ, kó o sì mú ẹ̀dà kan dání.